Oṣù Tí Bàbá Rí

Ní àdúgbò tí wọ́n bí Mashood sí ní Ọ̀yọ́, ojú bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi ń túnu ààwẹ̀.

Ààfáà Israfil kì í ṣe Lèmọ́ọ̀mù, kì í sì í ṣe olówó. Tìmùtìmù ló ń rán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé, tí ó ń fi awọ pupa àti dúdú dárà sí i, àwọn ọmọ kéú á sì jókòó tì í pẹ̀lú wàláà wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ààwẹ̀ bá ń lọ sí òpin, tí oòrùn ọjọ́ tí wọ́n ń retí oṣù bá ti rẹlẹ̀, ọkùnrin náà á kó abẹ́rẹ́ àti òwú rẹ̀ sínú agolo, á bu omi tútù fọ ojú, á sì gba ọ̀nà oko lọ sí orí àpáta pẹrẹsẹ kan tí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Bí ó bá dé tí ó ní òun rí i, ó parí. Àwọn obìnrin á gbé ata sórí ọlọ, àwọn ọmọdé á máa pariwo ọdún káàkiri. Bí ó bá sì ní òun kò rí i, gbogbo àdúgbò á tún jí sààrì. Kò sẹ́ni tó jẹ́ bi í pé ṣé ó dá a lójú.

Mashood máa ń bá a lọ nígbà tí ó wà ní kékeré. Mátíù, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àpáta náà, á fi ọkọ́ sílẹ̀ nígbà mìíràn, á gòkè wá bá wọn jókòó.

"Ààfáà, ebi ti pa ọ́ tó gẹ́ẹ́," Mátíù á wí. "Tètè rí i, kí n lè rí ẹran jẹ lọ́la."

"Jẹ́ kí ó yọ ná. Ìwọ tí o jẹ iṣu lọ́sàn-án, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

Bàbá á wá di orí Mashood mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, á yí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yí ìdérí ìgò. "Wo ẹ̀ka igi yẹn. Gba òkè rẹ̀ lọ díẹ̀. Tínrín ni, bí èékánná ọmọ ọwọ́. Ṣé o ti rí i?"

"Mo ti rí i, Bàbá."

Kò rí nǹkan kan. Ojú Mashood kò ríran jìnnà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀, òun pàápàá kò mọ̀. Ó rò pé bí ayé ṣe ń ṣe bàìbàì lójú gbogbo ènìyàn nìyẹn. Ohun tí ó mọ̀ ni pé bí òun bá ti ní òun rí i, inú bàbá òun á dùn, wọn á sì lọ sílé lọ jẹun. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí ó fi dàgbà: bí ó ti rọrùn tó láti sọ pé mo rí i.

Ó kàwé, ó rí awò ojú, ó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ní ọdún 1988, ó rí iṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan ní Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, yàrá kan ṣoṣo lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta páànù. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà níbẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ táípúráítà, ọ̀kan nínú méjèèjì kì í sì í fẹ́ ooru. Comfort ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní táípù. Mashood ló ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà. Bí ó bá di Sátidé, á wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́ lọ kí bàbá rẹ̀, á padà ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè.

Nínú irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ kan, nígbà tí ọyẹ́ ọdún 1989 ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó bá ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí nínú ilé wọn. Alhaji Mùnírù tó jẹ́ alága jókòó sórí tìmùtìmù tí Ààfáà fúnra rẹ̀ rán, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní lọ́dún tó kọjá rédíò kéde pé wọ́n ti rí oṣù, Ààfáà ní òun kò rí i, ìdajì àdúgbò gbààwẹ̀, ìdajì jẹun, tọkọtìyàwó sì bá ara wọn jà lórí ọ̀rọ̀ náà.

"Kì í ṣe pé a kò mọ iyì yín, Ààfáà. Àgbà ló dé. Ojú náà ti ṣiṣẹ́, ó yẹ kó sinmi."

"Ojú mi kò sọ fún mi pé ó rẹ òun," Ààfáà Israfil dáhùn.

Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín náà ni kò jẹ́ kí Mashood lè pa ẹnu mọ́. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun láyè títí ààwẹ̀ yóò fi sún mọ́lé. Ó ní ẹ̀rọ kan wà lọ́wọ́ òun ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó lè sọ ibi tí oṣù wà ní ọjọ́kọ́jọ́ tó ti kọjá. Òun yóò kó gbogbo oṣù tí bàbá òun ti rí síwájú ẹ̀rọ náà, òun yóò sì mú èsì rẹ̀ wá fún wọn bí ó bá ṣe rí.

"Bí ó bá ṣe rí?" Alhaji Mùnírù béèrè.

"Bí ó bá ṣe rí, sà."

"Ó dáa. Bí ojú Ààfáà kò bá tíì ṣì wá lọ́nà rí, a ó fi oṣù sílẹ̀ fún un títí ọjọ́ tó bá wù ú. Gbogbo yín ti gbọ́."

Ààfáà na ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí ara tù.

Ẹ̀gbọ́n Comfort tó ń jẹ́ Gabriel, tó ń kàwé ní ìlú olótùútù kan lápá òkè Yúróòpù, ló fi díìsì kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí wọn. Láíbìrì ni wọ́n ń pe ohun tó wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ti ìwé. Àkójọ ètò kéékèèké fún kọ̀ǹpútà ni, tí ẹlòmíràn lè mú lò nínú iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀kan ń wá ibi tí oòrùn wà, ọ̀kan ń wá ibi tí oṣù wà, ọ̀kan ń sọ bóyá ojú ènìyàn lè rí i nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Àwọn tó fẹ́ràn ìràwọ̀ ní ìlú tí Gabriel wà ló kọ ọ́. Wọn kò ti ilẹ̀kùn kankan níbẹ̀; gbogbo bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ló wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Wọ́n ní kí ẹni tó bá rí i dà á kọ fún ẹlòmíràn, kí ẹni tó bá sì rí àṣìṣe tún un ṣe.

"Láìgba kọ́bọ̀?" Mashood béèrè nígbà tí ó kọ́kọ́ kà á.

"Sàráà ni, Bọ̀dá Mashood," Comfort dáhùn. "Bóyá Mùsùlùmí ni wọ́n."

"Mùsùlùmí tó ń ṣe irú sàráà yìí, n kò tíì rí i ní Ògbómọ̀ṣọ́."

Kò rọrùn láti gbé e kalẹ̀. Ekuru ọyẹ́ ti wọ ara díìsì náà. Ẹ̀rọ á kà á dé ìdajì, á kọ̀. NEPA á mú iná lọ nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kó parí. Mashood fi sùúrù nu ún, ó tún un dà kọ, títí gbogbo rẹ̀ fi wọ inú ẹ̀rọ. Nígbà náà ló ṣí ibi tí wọ́n ní kí olúkúlùkù ti kọ ìlú tí ó wà. Orúkọ ìlú àwọn tó ṣe é ló bá níbẹ̀. Ó pa á rẹ́, ó tẹ OYO sí i. Àwọn iye kan, nọ́ńbà lásán, tò sábẹ́ orúkọ náà; ó rò pé ọ̀rọ̀ inú ẹ̀rọ ni wọ́n, kò fọwọ́ kàn wọ́n. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ ètò náà, OYO yọ gàdàgbà lókè ojú ẹ̀rọ.

"Comfort, wá wo ìlú mi."

"Owó Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ ń gbà, Ọ̀yọ́ lẹ rí kọ síbẹ̀," Comfort wí, ṣùgbọ́n inú tirẹ̀ náà dùn.

Kò sí ẹni tó tún wo abẹ́ orúkọ náà mọ́.

Bí ènìyàn bá fẹ́ dán irú nǹkan báyìí wò, ohun tí ó ti mọ ìdáhùn rẹ̀ ni yóò bi í. Ẹnu bàbá rẹ̀ nìkan ni Mashood ti lè rí ìdáhùn lórí ọ̀rọ̀ oṣù. Ó lọ jókòó tì í ní Sátidé, bàbá ń gún awọ, ó ń ka àwọn ọdún fún un bí ó ti mọ̀ wọ́n: ọdún tí wọ́n yí ọkọ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún, ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, ọdún tí ìjọba pààrọ̀ àwọ̀ owó. Ó rántí bí ojú ọ̀run ṣe rí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó rántí ibi tí oṣù yọ sí lára igi. Ó pẹ́ tí Mashood ti rí i kí ó sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀rọ gbà fún Ààfáà. Bí Mashood bá ti tẹ ọjọ́ kan sí i, á dáhùn pé ó ṣeé rí. Comfort fi táípù sílẹ̀, ó wá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wá kan ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀, 1976, tí ìtúnu bọ́ sí oṣù kẹsàn-án. Ẹ̀rọ ní kò ṣeé rí. Ó ní oṣù ti wọ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Comfort padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Mashood tún un tẹ̀. Ó ka ètò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fi bírò ṣe ìṣirò rẹ̀ sórí ìwé, kò rí ibi tí wọ́n ti ṣì í. Gbogbo ibi tí ó yẹ kí ènìyàn fura sí ló fura sí, àyàfi ibi tí orúkọ ìlú rẹ̀ wà. Bí ẹ̀rọ bá jẹ̀bi, kí ló dé tí ó fi jàre nínú àwọn ọdún yòókù? Ó rántí ọdún náà. Ibà dá òun fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀, kò lè bá bàbá lọ sórí àpáta. Ó rántí bí àwọn ènìyàn ṣe kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ètè gbogbo wọn gbẹ, tí wọ́n ń retí ohun tí bàbá máa wí. Ó sì rántí ọmọ kékeré tó máa ń sọ pé mo ti rí i, nítorí pé ó fẹ́ kí gbogbo ènìyàn lọ sílé lọ jẹun.

Nígbà tí ó dé Ọ̀yọ́, kò mọ bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kì í sọ fún bàbá rẹ̀ pé irọ́ ló pa.

"Bàbá, ní ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ yẹn, ṣé ojú ọ̀run mọ́?"

"Ó mọ́ bí omi àmù."

"Bóyá ìkùukùu tínrín kan ni ẹ rí."

Abẹ́rẹ́ dúró nínú awọ. "Ẹ̀rọ ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀rọ ní oṣù ti wọ̀ kí oòrùn tó wọ̀."

"Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ sọ?"

Mashood mọ ohun tó yẹ kí òun sọ. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, kò sì wúwo. Ó wo ilẹ̀. "Èmi ò sọ nǹkan kan, Bàbá."

"Mo gbọ́," Ààfáà wí. Ó fa òwú náà já, ó tún wá òmíràn. Ó pẹ́ kí ó tó rí i kì bọ ojú abẹ́rẹ́. "Mú un lọ fún wọn. O ti sọ pé bí ó bá ṣe rí."

Alhaji Mùnírù kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ka èsì náà tán, ó mí kanlẹ̀, ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré nìyẹn láàárín ọ̀pọ̀ ọdún, ojú ta ni kì í tan án jẹ. Ṣùgbọ́n odidi àdúgbò ti jẹun ní ọjọ́ ààwẹ̀, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè gbọ́ kí wọ́n dákẹ́. Lèmọ́ọ̀mù ní kí ẹni tó bá wà láyé ní ọdún náà, tí ara rẹ̀ sì gbé e, gba ààwẹ̀ ọjọ́ kan padà.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n retí oṣù ìtúnu lọ́dún náà, Ààfáà kò kó abẹ́rẹ́ rẹ̀ sínú agolo. Ó ń rán awọ lọ títí ilẹ̀ fi ṣú, tí kò lè rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Rédíò ló kéde oṣù.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ni àwọn ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ààwẹ̀ ọjọ́ kan náà padà. Wọn kò bínú. Wọ́n á kọjá níwájú ilé pẹ̀lú ètè gbígbẹ, wọ́n á kí i dáadáa: ẹ kú iṣẹ́ o, Ààfáà. Ìyẹn ló burú níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí tiwọn, Ààfáà bẹ̀rẹ̀. Mashood rò pé ọjọ́ kan ni. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún bá a nínú ààwẹ̀; nígbà tí ó tún padà wá, bákan náà ni, ọrùn rẹ̀ sì ti ń tínrín nínú ẹ̀wù.

"Bàbá, ààwẹ̀ kí ni ẹ ń gbà?"

"Ti Bàbá Alágbẹ̀dẹ ni tòní. Lánàá, ti ìyá Lèmọ́ọ̀mù ni mo gbà."

Òkú ni àwọn méjèèjì. Gbogbo ẹni tó jẹun ní ọjọ́ náà nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, tí ó sì ti kú láti ìgbà náà, ni ó ń gba ààwẹ̀ fún lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ó ti rántí wọn láti ojúlé dé ojúlé.

"Ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ rí i," Mashood wí.

"Mo rí i. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ara mi nìyẹn." Ààfáà fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n bí mo bá dijú báyìí, n kì í rí oṣù náà dáadáa mọ́. Nígbà mìíràn, ìkùukùu ni mo ń rí."

Nínú oṣù kẹfà, wọ́n bá a lórí ẹní ìrun rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Omi tí ó fẹ́ fi ṣínu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tíì fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ ni Mashood padà sí Ọjà Igbó. Kò fẹ́ sún mọ́ ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n Comfort ń múra ìgbéyàwó, iná kámẹ́rà ẹni tó máa ya fọ́tò sì ti bàjẹ́. Ó fẹ́ mọ ìgbà tí ilẹ̀ máa ń ṣú lásìkò yẹn. Comfort fúnra rẹ̀ jókòó, ó bi ẹ̀rọ náà pé aago mélòó ni oòrùn máa wọ̀ lónìí. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá Mashood, oòrùn Ọ̀yọ́ ti ń ṣe ófátáìmù. Ẹ̀rọ ní aago mẹ́wàá alẹ́ ló máa wọ̀."

Mashood kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó wá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó wo OYO tó wà lókè. Lẹ́yìn náà ló wo àwọn iye tó tò sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ kò mọ orúkọ ìlú. Àwọn iye yẹn ló fi ń mọ ibi tí ènìyàn dúró sí láyé, ìlú olótùútù Gabriel ni wọ́n sì ṣì ń tọ́ka sí. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú ọ̀run ibòmíràn ni ó ti ń bi í léèrè.

Ó wá átíláàsì, ìwé àwòrán ilẹ̀ ayé, ó mú iye ti Ọ̀yọ́ níbẹ̀, ó fi í sínú ẹ̀rọ. Ó kọ́kọ́ bi í nípa oòrùn. Ẹ̀rọ ní nǹkan bí aago méje. Lẹ́yìn náà ló tẹ oṣù kẹsàn-án ọdún 1976. Ní ìlú olótùútù yẹn, lásìkò bẹ́ẹ̀, oṣù tuntun máa ń rá mọ́ ilẹ̀ lọ, á sì wọ̀ ṣáájú oòrùn. Ní Ọ̀yọ́, ó dúró sókè.

Ó ṣeé rí, ẹ̀rọ wí.

Comfort ti lóye. Ó gbé àga rẹ̀ sún mọ́ tirẹ̀, ó jókòó tì í títí àwọn ọmọ fi dé fún kíláàsì.

Alhaji Mùnírù gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó yọ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. "Ààwẹ̀ àwọn obìnrin yẹn kò ní ṣòfò lọ́dọ̀ Ọlọ́run. A ó kéde rẹ̀ ní Jímọ́ọ̀ pé Ààfáà jàre." Ó kọjú sí Mashood. "Ìwọ lo mú tàkọ́kọ́ wá, a gbà á. O mú èyí náà wá, a gbà á. A kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, Mashood."

Ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń retí oṣù Iléyá, Mashood bu omi fọ ojú, ó nu awò rẹ̀, ó gba ọ̀nà oko. Òjò ti rọ̀ lọ́sàn-án, ojú ọ̀run sì ti là. Mátíù jókòó sórí àpáta pẹ̀lú ọkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti darúgbó. Abà ló ń gbé báyìí, kì í wọ ìlú bí kò bá sí ọ̀fọ̀ tàbí ìgbéyàwó.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Bàbá."

"Mashood ni? Mo rò pé bàbá ẹ ló padà wá. Ìrìn kan náà lẹ ń rìn." Mátíù fi ọwọ́ tọ́ ilẹ̀ fún un. "Ibẹ̀ yẹn ló máa ń dúró sí. Ibẹ̀ ló dúró sí lọ́dún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀, tó ń wá oṣù bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù. Èmi ti rí i láti inú ebè mi kí ó tó gòkè dé."

Mashood yíjú sí i. "Ẹ rí oṣù náà?"

"Mo rí i kedere. N kò kàn sọ fún un ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, n kò fẹ́ gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀ tó ní òun rí i, mo kí i kú oríire. Inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé."

"Ẹ kò sọ fún ẹnikẹ́ni láti ìgbà yẹn?"

"Kí n sọ kí ni? Ta ló bi mí? Ta ló sì máa gba ẹ̀rí Mátíù lórí ọ̀rọ̀ ààwẹ̀?" Ó wo ojú Mashood dáadáa. "Kí ló dé?"

Mashood tún nu awò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Oòrùn ti wọ̀ tán. Ó wá ẹ̀ka igi náà rí, ó gba òkè rẹ̀ lọ díẹ̀, ó rí nǹkan kan tó tínrín, tó funfun, bí èékánná ọmọ ọwọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò tíì rí i rí.

"Ṣé o ti rí i?" Mátíù béèrè.

"Mo ti rí i, Bàbá."

Mátíù na ọrùn síbẹ̀ títí, ó mi orí. "Èmi ò rí nǹkan kan. Ojú mi ti lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá ti ní o rí i, ó parí."

Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ lé èjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Mashood kò tẹ̀ lé e. Ó dúró síbi tí bàbá rẹ̀ máa ń dúró sí, títí oṣù náà fi lọ bá oòrùn nísàlẹ̀.